Mo Ní Ojú Àbúrò Mi Dá Ṣáṣá

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Èmi náà ti bú ara mi títí ó ti sú mi.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo ti lọ́kọ báyìí, mo ti bímọ. Ọkọ mi kò mọ̀. Bàbá mi kò mọ̀. Àbúrò mi tí mo ṣẹ̀ gan-an kò mọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ṣoṣo ló mọ̀ ládùúgbò wa, òun ló sì ń jẹ ìyà tó yẹ kí n jẹ. Ohun tó mú mi sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé àwọn àlejò kan tún ń bọ̀ wá sílé wa lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, àbúrò mi sì ti ní èmi ni kí n wá jẹ́rìí òun. Mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú sí.

Ìsẹ́yìn ni mo ti wá. Aṣọ òfì ni wọ́n ń hun nílé wa. Bàbá mi ń hun ún, èmi náà kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n hun. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí kó tó kú, èmi àti Múìnátù.

Ojú Múìnátù kò dára. Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tó wà ní kékeré, òun ló máa ń bá mi ṣa òwú, pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ kọ àga. Nígbà tó yá, kò mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú mọ́. Bàbá gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé e dé Ìbàdàn, àwọn dókítà ní iṣan inú ojú rẹ̀ ló ń kú, kò sì sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Kó tó parí girama, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń rí.

Ìyá tó bí bàbá wa náà fọ́jú kó tó kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rù mi ti wá.

Ṣùgbọ́n orí Múìnátù pé. Tí ẹ bá ka ìwé sí i létí lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbà á sórí nìyẹn. Ó ṣe ìdánwò, ó yege, ó wọ yunifásítì. Bàbá mi ròyìn rẹ̀ ní mọ́sálásí títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sá fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ríran, ẹ ò lè mọ ohun tí ojú ẹni tí kò ríran ń rí ní yunifásítì. Olùkọ́ á kọ nǹkan sára pátákó, á ní ṣé ẹ ti rí i, á sì nù ún kúrò. Ó nílò ẹni tí á máa kàwé sí i létí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe é, àmọ́ tí ìdánwò bá ti kù díẹ̀, kálukú á gbájú mọ́ tiẹ̀. Ó nílò ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ó nílò kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀. Bàbá ń hun aṣọ, ó ń tà, ó ń fi owó ránṣẹ́, kò sì tó. Kò tó rárá.

Ìgbà náà ni ó gbọ́ nípa àjọ kan tó ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ àkàndá lọ́wọ́. Wọ́n á san owó ilé ìwé rẹ títí wàá fi parí, wọ́n á sì ra àwọn ẹ̀rọ yẹn fún ọ. Múìnátù forúkọ sílẹ̀. Wọ́n pè é, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, dókítà wọn yẹ ojú rẹ̀ wò. Ó pè wá lórí fóònù, ó ní ó kù díẹ̀. Ohun tí wọn ò sọ fún òun àti fún wa ni pé wọ́n ṣì máa ń rán èèyàn wá sí àdúgbò ẹni láìsọ tẹ́lẹ̀, nítorí pé àwọn kan ti wọ jígí dúdú wá fi rẹ́ wọn jẹ rí.

Àsìkò yẹn náà ni Lúkmọ́nù ń fẹ́ mi. Ọmọ Òtu ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù níbẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ti wá mọ bàbá mi. Ohun tó kù kí wọ́n dá ọjọ́ ni ìwádìí.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tí wọ́n á rán kì í ṣe ẹni tí ẹ mọ̀. Á ṣe bíi pé ó fẹ́ ra aṣọ, tàbí pé ó ṣìnà, tàbí pé omi ló fẹ́ mu. Ibẹ̀ ni á ti máa bi aládùúgbò léèrè. Ṣé wárápá kò sí nílé yìí? Ṣé wèrè kò sí? Ṣé wọn kì í jalè? Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n ti ra ẹrù ìgbéyàwó rẹ̀ tán. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò báyìí ló gbọ́ pé àbúrò bàbá rẹ̀ ní wárápá. Wọn ò tún padà wá mọ́. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe, mo sì bá a sunkún.

Nítorí náà, èmi ti múra sílẹ̀. Mo lọ bá Bàbá Ràṣídì, tí òfì tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Mo kúnlẹ̀ fún wọn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí àlejò kan bá wá béèrè nípa ilé wa, ẹ má mẹ́nu ba ojú Múìnátù.”

Wọ́n dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n wò mí. “Ṣé ojú Múìnátù ti wá di ohun ìtìjú ni?”

“Rárá sà. Kí a ṣáà so yìgì tán ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kí gbogbo ayé mọ̀.”

Wọ́n pòṣé. “Ó dáa. Nítorí tìẹ ni o. Mi ò ní gbọ́ pé èmi ni mo lé ọkọ lọ mọ́ ẹ lọ́wọ́.”

Àwọn àlejò náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Bàbá ti lọ sí oko lọ́nà Adó-Àwáyè. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni, ọ̀kadà ló gbé wọn wá. Wọ́n fọwọ́ kan aṣọ tí mò ń hun, wọ́n béèrè iye rẹ̀, wọn ò sì ná an. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ kò bá ná an, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ó ní ohun mìíràn tó bá wá.

Obìnrin náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé Múìnátù nìyí? A gbọ́ pé ojú rẹ̀ kò ríran.”

Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn ará Òtu ti dé nìyẹn. Mo ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

“A kàn ń béèrè ni.”

Ọlọ́run ló mọ ibi tí mo ti rí ẹnu yẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ojú Múìnátù tiwa? Ojú rẹ̀ dá ṣáṣá! Ní yunifásítì tó wà yẹn, ṣé afọ́jú lè kàwé ní yunifásítì ni?”

Wọ́n wo ara wọn. Ọkùnrin náà béèrè bóyá kì í lo ọ̀pá. Mo ní ọ̀pá kẹ̀, ọmọge tó ń sáré. Wọ́n béèrè bóyá ojú ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nílé wa. Mo ní kò ṣe ẹnikẹ́ni rí. Mo sin ìyá bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà.

Àwọn àlejò náà wá yíjú sí Bàbá Ràṣídì. Ẹsẹ̀ bàbá àgbàlagbà náà dúró lórí òfì. Wọn ò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, “Bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ ni.” Wọ́n sì ń hun aṣọ wọn lọ.

Mo fún àwọn àlejò náà ní omi tútù. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn. Mò ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé mo ti gba ara mi là.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Múìnátù pè. Kò sunkún. Ó ń pariwo ni. Ó ní àjọ náà ti yọ orúkọ òun kúrò, wọ́n ní ẹlẹ́tàn ni òun. Wọ́n ní àwọn èèyàn àwọn wá sí Ìsẹ́yìn, wọ́n dé ojú òfì wa, àwọn ará àdúgbò wa fúnra wọn sì sọ pé òun ríran. “Àǹtí mi, ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Ta ló ṣe mí báyìí?”

Mo ní mi ò mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mò ń wá àwáwí. Ohun tí mo sọ fún àwọn àlejò yẹn, àṣìṣe ni. Mo rò pé ará Òtu ni wọ́n. Ṣùgbọ́n “mi ò mọ̀” tí mo sọ fún àbúrò mi yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ̀. Ká ní mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì, tí mo ní èmi ni mo purọ́, bóyá wọn ì bá dá orúkọ rẹ̀ padà. Àmọ́ wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Mo ní kí a so yìgì ná. A so yìgì. Mo ní kí n bímọ ná. Mo bímọ. Báyìí ni mo ṣe ń sún un síwájú.

Múìnátù kò jókòó. Ó lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní kó lọ gba ìwé dókítà mìíràn. Ó gbà á wá. Wọ́n ní àwọn ti ti ilẹ̀kùn tọdún yẹn, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó padà lọ, wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn kò lè tún forúkọ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ ẹni tó jẹ́rìí èké fún òun, wọ́n ní àwọn kì í dárúkọ.

Inú máa ń bí mi sí wọn, mi ò purọ́. Ọmọ náà dúró níwájú wọn, ó ń fọwọ́ wá àga tó fẹ́ jókòó lé, wọ́n sì ń sọ fún un pé ó ríran! Dókítà tiwọn ló yẹ ojú rẹ̀ wò! Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹnu aládùúgbò ni wọ́n gbà gbọ́? Kí ló dé tí wọn ò sọ pé ibi báyìí ni àwọn ti wá? Ká ní wọ́n sọ ọ́ ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá fà wọ́n wọlé. Tí inú bá ti bí mi sí wọn tán, mo máa ń rántí ẹni tó pa irọ́ náà, ìbínú á sì padà wá bá mi nílé.

Ó gbìyànjú dé ọdún kẹta, ó sì fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó wálé. Òwú ló ń ká fún Bàbá báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ yá sí i, òun fúnra rẹ̀ sì kórìíra bí ó ṣe yá tó. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Mi ò wá sáyé wá ká òwú, Àǹtí mi.” Ètò kan wà lórí rédíò tí àwọn èèyàn ti máa ń pè wọlé. Múìnátù kì í fi í sílẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ mọ́ àwọn àkàndá, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Á ní àwọn aládùúgbò òun ló ta òun. Èmi á wà ní ilé ìdáná ní Òtu, mò ń ro ọkà, rédíò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkọ mi á máa sọ pé àbúrò mi mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Bàbá Ràṣídì ni Bàbá mi dì mú. Àwọn méjèèjì ti jà rí nítorí òwú tí Bàbá Ràṣídì nà kọjá ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá ní ìjà yẹn ni ọkùnrin náà gbẹ̀san lára ọmọ òun. Bàbá kò kí wọn mọ́. Wọ́n jọ ń lọ sí mọ́sálásí kan náà, Bàbá á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí ìlà ìrun. Ó gbé òfì tiwa lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Ràṣídì kò sọ ohunkóhun. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún mi ni wọ́n ṣì ń mú ṣẹ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni èyí. Lẹ́yìn tí mo bí Fàwásì, ìyá ọkọ mi wá wẹ ọmọ fún mi. Wọ́n ń fi ìpara pa á lára, wọ́n béèrè nípa Múìnátù, wọ́n ní, “Ọmọ tójú ń dùn yẹn, ṣé ó ti padà sílé ìwé?” Ẹnu yà mí. Mo ní ìgbà wo lẹ ti mọ̀ nípa ojú rẹ̀, Màmá?

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Kí Lúkmọ́nù tó mú ẹ wálé ni mo ti mọ̀. Ojú ń dun ọmọ èèyàn, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Nígbà tí à ń ṣe ìwádìí, a ò tiẹ̀ rán ẹnikẹ́ni sí ojú òfì yín. Mọ́sálásí yín la ti béèrè. Ohun tí mo ní kí wọ́n bá mi wò ni bóyá olóòótọ́ ni yín, wọ́n sì ní olóòótọ́ ni yín.”

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ sá aṣọ. Kò sí aṣọ tí mo fẹ́ sá.

Ẹ wo ayé mi! Lásán ni mo ṣe gbogbo rẹ̀. Wọn ò rán ẹnikẹ́ni. Kò sí ọkọ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gba ilé ìwé lọ́wọ́ àbúrò mi, mi ò sì rí ohunkóhun gbà dípò rẹ̀.

Nísinsìnyí, àwọn tó wà ní àjọ náà ti yí padà. Ọ̀gá tuntun wọn gbọ́ Múìnátù lórí rédíò, ó sì ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Wọ́n ń bọ̀ wá sílé wa, ní gbangba lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí ẹnì kan nínú ẹbí dúró jẹ́rìí, kí àwọn lè mọ bí ìwádìí àkọ́kọ́ ṣe jẹ́. Bí ó bá yọrí sí rere, yóò padà sí yunifásítì. Bí kò bá yọrí sí rere, kò tún sí ọ̀nà mìíràn tí mo mọ̀.

Múìnátù ní èmi ni òun fẹ́. Bàbá fẹ́ jẹ́rìí, àmọ́ Múìnátù ní rárá, Bàbá á kàn máa bínú ni. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ò purọ́ fún mi rí.”

Bàbá sì ti búra pé tí àwọn àlejò bá jókòó tán, òun á ránṣẹ́ pe Bàbá Ràṣídì, òun á sì dójú tì í níwájú wọn. Mo sáré lọ bá Bàbá Ràṣídì. Ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, wọn kì í lè hun aṣọ pẹ́. Mo tún kúnlẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

“Tí bàbá rẹ bá pè mí, màá wá,” ni wọ́n wí. “Mi ò ní dárúkọ rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní pa irọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní kí wọ́n bi ìwọ.”

Mo ní, “Ẹ má bínú sà.”

Wọ́n ní, “Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Kì í ṣe èmi ni o ṣẹ̀ jù.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún Múìnátù kí àwọn àlejò tó dé? Mò ń bẹ̀rù pé yóò lé mi jáde, kò sì ní sí ẹni tí á jẹ́rìí rẹ̀. Ṣé kí n jẹ́rìí rẹ̀ ná, kí ọ̀nà rẹ̀ là, kí n tó jẹ́wọ́? Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ báyìí? “Ná” yẹn náà ni mo ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge. Ṣé kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, kí Bàbá gbọ́, kí Bàbá Ràṣídì gba orúkọ rere wọn padà? Kí ni ọkọ mi máa ṣe tó bá gbọ́ pé ìdílé wọn ni mo fi bojú pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tí ojú yín kò ríran, tí ẹ ń gbọ́ èyí lẹ́nu ẹni tó ń kà á fún yín, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ èsì yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ìgbà wo lẹ máa fẹ́ mọ̀?

Mo wà ní Ìsẹ́yìn lánàá. Múìnátù ti yọ àwọn aṣọ rẹ̀ sórí ibùsùn, ó ń wá èyí tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó na ọ̀kan sí mi, ó ní àwọ̀ wo nìyí. Mo ní aró ni, pẹ̀lú ìlà funfun. Ó fi ọwọ́ pa á, ó ní ó dáa, èyí ni òun máa wọ̀. Kò tún bi ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti kọ iṣẹ́, gbogbo aṣọ tó ń wọ̀, ẹnu mi ló ti ń gbọ́ àwọ̀ rẹ̀.